Àkànní, Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Rẹ Kò Dọ́gba

Ìsọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
Agége.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Àkànní ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, nítorí mo mọ̀ pé ó le. Ara ọkọ̀ rẹ ni kò le. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé fóònù. Nígbà tí o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ohun tí o kọ ni pé ọwọ́ rẹ dí, o máa pè mí padà. O kò pè. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sórí táyà kan níbí, tí mo gbé ìwé lé orúnkún, kí n lè kọ èyí tí o kò jẹ́ kí n sọ. Ìyá rẹ ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Tí o bá rí i pé ó gùn, má wulẹ̀ tì í bọ inú àpótí iwájú ọkọ̀. Jọ̀wọ́, kà á tán.

A ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Íkẹjà ti gbéṣẹ́ fún ọ, pé ìwọ ni yóò máa kó ọjà wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Wọ́n ní Sátidé yìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti pé inú ọkọ̀ kan náà ni ìwọ àti Fúnmi ìyàwó rẹ yóò kó ẹrù ilé yín sí, kí ẹ lè máa gbé Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Inú mi dùn, mi ò purọ́. Èmi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó wá kọ́ṣẹ́, ìwọ ń ti Èkó padà sílé pẹ̀lú iṣẹ́ àti ìyàwó. Bàbá wo ló máa rí irú èyí tí kò ní dúpẹ́? Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já mi láyà kí n tó máa ro àròyé. Ọkọ̀ akẹ́rù yẹn kò gbọdọ̀ rin ìrìn-àjò bó ṣe wà yìí. Tó bá fi ẹsẹ̀ tó fi dúró yẹn jáde kúrò l'Ékòó, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀, táyà iwájú máa bẹ́ lórí eré. Mi ò sọ pé ó lè bẹ́. Mo ní ó máa bẹ́. Ìwọ àti ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì wà níwájú.

Mo mọ ìdí tí o fi gbé ọkọ̀ náà sókè. Àgbàrá òjò ló wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí o kọ́kọ́ rà, ó sì bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Nígbà tí o wá ra akẹ́rù tòkúnbọ̀ yìí, o búra pé omi kankan kò ní dé imú rẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ kọ́ nìyẹn. Kàmọ́rù ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe mẹkáníìkì bá ọ fi irin há orí síprìn iwájú, ó fi ewé síprìn kún ti ẹ̀yìn, ẹ wá ra àwọn táyà ńlá tó kún ojú. Ọkọ̀ náà ga, ó rí bí ọkọ̀ gidi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà wò ó lọ́jọ́ náà, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ mi ti ra òkè.

Àmọ́ apá irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú kò gùn sí i nígbà tí ẹ gbé ara ọkọ̀ sókè. Bí ara ti gòkè, apá náà ń nà sílẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀, òkè táyà méjèèjì wá yà síta. Táyà tó yà síta kì í yí dáadáa mọ́, wíwọ́ ló ń wọ́, ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ sì ni títì ń jẹ. Táyà ńlá yẹn kò tún ní àyè nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún kékeré. Bí o bá ṣẹ́ kọ́nà, ó ń ha irin. Bí o bá bọ́ sí kòtò, ó ń ha irin. Ariwo tí o ń gbọ́ nìyẹn, bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

Ohun tó yẹ kí o ṣe ni pé kí o gbé e wá síbí kí a wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, o gbé e lọ sọ́dọ̀ pańẹ́lì-bítà, ó fi òòlù lu irin orí táyà wọnú, ó gé etí rẹ̀ dànù. Ariwo dín kù, o ní ó ti tán. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, o ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ ti táyà síta díẹ̀. O wá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè dọ́gba, l'Álẹ́ǹ n'Íkẹjà. Má rò pé mò ń jowú kọ̀ǹpútà. Ohun tó dára ni, ó ń rí ohun tí okùn tí mò ń nà sí ẹ̀gbẹ́ táyà kò lè rí. Ìyá rẹ ni o fẹnu ara rẹ ròyìn fún pé ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí kò lè wọlé, àfi tí ẹ bá pààrọ̀ apá irin ti òkè tàbí kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. O ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó ṣáà bá ọ tọ́ sitiárìn kó kọjú síwájú. Ó sì tọ́ ọ. Sitiárìn rẹ wá dúró ṣinṣin, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń ṣe tiẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa lápálápá.

Nítorí pé ò ń lọ jìnnà sí mi, mo fẹ́ fún ọ ní ìmọ̀ràn bí bàbá ṣe ń ṣe, kí n tún gbà á lẹ́ẹ̀kan náà láti sọ ti ọkọ̀ yìí. Méjèèjì ti wọnú ara wọn lọ́kàn mi, mi ò lè yà wọ́n mọ́.

Èkíní, ohunkóhun tí o bá ní láti máa dì mú kó tó lọ gééré, kò tọ́. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìjú, ọkọ̀ rẹ̀ kan wà tó máa ń fà sí òsì. Èmi rò pé agbára apá ni wọ́n fi ń mọ awakọ̀. Bí mo bá ti wọ inú rẹ̀, mo ti fọwọ́ fà á sí ọ̀tún nìyẹn títí n ó fi dé ibi tí mò ń lọ. Mo tilẹ̀ ń fọ́nnu sí àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọkọ̀ yẹn, èmi nìkan ló mọ̀ lọ́gàá. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ń kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde, mo bá sín. Sísín lásán. Kí n tó wí alihamudulilahi tán, mo ti wà nínú gọ́tà, omi dúdú ti dé ẹnu ìlẹ̀kùn, gbogbo jámáà sì ń kí mi kú ewu. Ọ̀gá mi dé, kò gbá mi létí. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ló ti ń fà. Mo ní ó ti pẹ́, pé ó ti mọ́ mi lára. Ó ní, "Ohun tó mọ́ ọ lára yẹn náà ni yóò sin ọ́."

Mú un lọ sínú ilé rẹ, ọkọ tuntun. Bí o bá rí i pé o ní láti kọ́kọ́ dira kí o tó lè bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, má ṣe dì í mú le sí i. Wá ohun tó yẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá rẹ ni o ní láti máa sá fún kí inú rẹ tó lè dùn, wò ó dáadáa, nǹkan ti yẹ̀ níbì kan. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ èmi ló ti yẹ̀, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Èkejì, ọkọ̀ tí yóò ru ẹrù, orí ẹrù ni kí o ti tò ó. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún mi nígbà náà, tí ọ̀gá mi gbàdúrà lé mi lórí pé kí n máa dá ṣiṣẹ́, ni ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ tó fi ń kó sìmẹ́ǹtì wá. Òfìfo ni mo tò ó. A wà á yí ká Pẹ́ńsínímà, ó lọ gbọnrangandan, ọkùnrin náà súre fún mi. Ọjọ́ tó di sìmẹ́ǹtì sí i, ìdí rẹ̀ wọlẹ̀, iwájú rẹ̀ gbéra, gbogbo ohun tí mo tò yẹ̀ kúrò lójú àmì. Kò pẹ́ tí táyà méjèèjì fi jẹ tán. Ó kó wọn wá jù síwájú ìsọ̀ mi, kò bú mi, kò sì padà wá mọ́. Títí di òní, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tí mo ń tò láìkọ́kọ́ kó àpò yanrìn sí i lẹ́yìn.

O ní o ti dán ọkọ̀ rẹ wò, pé ó ń lọ dáadáa. Ta ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí o dán an wò? Ìwọ nìkan, lórí títì tó tẹ́jú l'Álẹ́ǹ. O kò tíì di bísíkíìtì sí i, o kò tíì gbé bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù Fúnmi lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìpinnu tí ò ń ṣe báyìí rí. Bí ọkùnrin tí kò lẹ́rù lẹ́yìn lo ṣe ń ro ó. Àkànní, o ti lẹ́rù lẹ́yìn.

Mo fẹ́ máa kà á lọ ní èkíní èjì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lórí kíka mọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní Omolé, nílé àwọn àna rẹ.

Ọjọ́ tí a lọ gbé ìyàwó rẹ nílé wọn, inú ọgbà ni o gbé ọkọ̀ sí, o ti fọ̀ ọ́, táyà ń dán. Bàbá Fúnmi, àgbà Èkìtì tó fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, jáde wá, ó gbọ́wọ́ lé iwájú ọkọ̀, ó ní kí gbogbo wa bá òun dáhùn àmín. Àdúrà yẹn gùn. Mo jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà tinú mi wá ni. Ibi tí mo ti tẹrí ba ni fìlà mi ti jábọ́, ó yí lọ sábẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un.

Ìgbà yẹn ni mo rí táyà náà láti inú. Ìta rẹ̀ nípọn, ó tutù yọ̀yọ̀. Inú rẹ̀ ti pá, bọ́rọ́bọ́rọ́, okùn wáyà ti yọ síta. Mo wo èkejì, bákan náà. Mo wá mọ ohun tí o ṣe. O ti gbé e fún fọganáísà, o ní kó tú táyà náà kúrò lára irin kó sì yí i padà, kí ẹ̀gbẹ́ tó jẹ lè kọjú sínú, kí èyí tó dára kọjú síta. Gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí la mọ ọgbọ́n yẹn. Ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ ni, ó tì wá lójú ṣùgbọ́n à ń ṣe é. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é fún ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ máa wà. O kò fẹ́ kí àwọn àna rẹ rí i pé táyà rẹ ti jẹ. Nítorí ojú àna, o fi ikú pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ inú.

Èmi ń kọ́? Mo dìde, mo gbọn fìlà mi, mo dé e. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú ọgbà yẹn, orí ọmọ sì wọ́, mi ò sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu níwájú àna pé ọkọ̀ tí ọmọ mi fẹ́ fi gbé ọmọ yín kò dára? Bàbá Fúnmi wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Ọmọ yín ló fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fà á lé lọ́wọ́." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, okùn wáyà yẹn sì wà lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Láti Omolé dé Agége kò jìnnà, ẹ wà á jẹ́jẹ́, ẹ sì dé láyọ̀. Èmi tó wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé yín, táyà yẹn ni mò ń wò ní gbogbo ọ̀nà, mi ò rí ìyàwó.

Lọ́jọ́ kejì ni mo bá ọ sọ ọ́, a sì jà. Mo ṣì ń gbọ́ ohun tí o sọ. O ní bí o bá sọ fún ilé iṣẹ́ pé ọkọ̀ rẹ wà lórí jáàkì, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún, pé ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ kì í tọrọ àyè. Òótọ́ ni, mi ò lè bá ọ jiyàn ìyẹn. O ní tí iṣẹ́ bá ti gbera, o máa ra táyà tuntun, o máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo ní táyà tuntun lórí ẹsẹ̀ tó yà, kí ó tó dé Ìlọrin lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó ti di èyí. Ìgbà náà ni inú bí ọ. O ní, "Bàbá, kò sí nǹkan tí ẹ wò rí tó dọ́gba lójú yín. Gbogbo ayé ló wọ́ lójú yín."

Mo ti ro ó láti ìgbà náà, o sì jàre díẹ̀. Bí mo ṣe jókòó sí etí títì yìí, kò sí ọkọ̀ tó kọjá tí mi ò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, ìrìn rẹ ni mò ń wò, mo ń sọ fún ìyá rẹ pé bàtà ọmọ yìí ń jẹ lápá kan. Mo wo ìwé iléèwé rẹ, ibi tó wọ́ ni mo rí. Mo wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ibi tó wọ́ ni mo rí. Bóyá mo ti fi ojú yẹn wò ọ́ pẹ́ jù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo wá rí èyí tó wọ́ ní tòótọ́, o rò pé ìṣe bàbá mi náà ni. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Àwọn èèyàn ń ti Sàngó-Ọ̀tà wá bá mi kí n wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ fún wọn, ohun tí mo bá wí ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ tí mo bí ló kù tí kò gbà mí gbọ́, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo sì fi ń ronú tí mo bá jí.

Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ. Mo ní àmín. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run náà ló jẹ́ kí fìlà mi jábọ́, ta ló fẹ́ kí Ó tún rán sí wa?

Títún un ṣe kò le, Àkànní, ohun tó ń dùn mí nìyẹn náà. Tí o bá lè gbé e wá lọ́la, a máa yọ irin tí Kàmọ́rù há sí iwájú, a fi èyí tó kéré sí i dípò, kí ọkọ̀ ṣì ga díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn táyà tí ọkọ̀ náà bá dé wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ mi, mi ò tà wọ́n, wọ́n ṣì nípọn. A ó dá wọn padà, kò ní sí ohun tí yóò ha irin mọ́, bó o bá ṣẹ́ kọ́nà tàbí bó o bá bọ́ sí kòtò. A ó kó yanrìn sí i lẹ́yìn tó ìwọ̀n ẹrù rẹ, a ó tò ó, a ó wà á yí ká kí síprìn jókòó, a ó tún un tò, a ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Bí o bá fẹ́ kó ga bíi ti tẹ́lẹ̀, apá òkè tó bá gíga yẹn mu wà lọ́jà, a lè wá a nígbà tí iṣẹ́ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí o bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì náà wò, nítorí ẹsẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò máa ń sún díẹ̀. Kàmọ́rù gan-an lè wá ṣe é pẹ̀lú wa, mi ò bá a jà. Mi ò ní sọ pé ṣé mo sọ fún ọ. Mi ò ní sọ ohunkóhun rárá, bí ìdákẹ́jẹ́ mi lo fẹ́.

Mo kọ gbogbo ìyẹn tán, mo kà á, mo sì mọ̀ pé o kò ní wá. Mo mọ̀ ọ́. Jọ̀wọ́ wá, kí n di òpùrọ́.

Ohun kan kù tí mi ò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìwé yìí kò ní parí bí mi ò bá sọ ọ́. Lánàá, Fúnmi wá sílé wá gba ìkòkò tí ìyá rẹ fún un. Mo pè é sẹ́yìnkùlé. Mo ti pinnu pé n kò ní ṣàlàyé fún un, kí n má baà fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà lójú ìyàwó rẹ. Mo kàn ní kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé, kó jẹ́ kí ìwọ máa kó ẹrù bọ̀. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀. Mo rí táyà yẹn nígbà tí mò ń bá a fọ ọkọ̀."

Mo bi í pé ṣé ó bá ọ sọ ọ́. Ó ní òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, pé o bi òun bóyá òun náà ti di Bàbá Agége, bí ẹ ṣe ń pè mí, òun kò sì sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Ó dáa, wọ bọ́ọ̀sì." Ó mi orí.

Ó ní, "Tí mo bá wà níbẹ̀, Bàbá, ó máa ń rọra wa ọkọ̀. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, eré ló máa sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá a lọ."

Mo ní kó dìde, ó dìde, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ìyá rẹ fi wá wò mí. Ọmọ tí kò tíì gbé ilé ọkọ pẹ́ ti wọn ọkọ̀ rẹ, ó mọ ibi tó ti bàjẹ́, ó sì ti fi ara rẹ̀ ṣe bírééki fún un. O kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá wò ó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wàá rò pé ìgbádùn ló bá wá.

Ọmọ mi, mi ò ní agbára tí mo lè fi dá ọ dúró mọ́. O ti dàgbà, ọkọ̀ náà tìrẹ ni, iṣẹ́ náà tìrẹ ni. Ohun tí mo lè ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí o tó lè rọra wa ọkọ̀, kó jẹ́ èmi. Mo ti ní kí ìyá rẹ bá mi di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì. Tí n kò bá rí ọ lọ́la, tí n kò rí ọ lọ́túnla, ní Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, n ó wà lẹ́nu géètì yín. Má wulẹ̀ bá mi jiyàn níwájú ọmọ yẹn.

Sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀, kí o gbé mi.

Bàbá rẹ.